Láti Ewé Ojú Pópó dé 122: Ìtàn Àwọn Tó Ń Sáré Lọ síbi Jàǹbá Ọkọ̀ ní Àkókó

Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ní Àkókó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, mẹkáníìkì kọ́ ni awakọ̀ kọ́kọ́ ń wá. Ewé ló ń wá. Á wọ inú igbó ẹ̀bá ọ̀nà, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù mẹ́ta mẹ́rin, á sì tò wọ́n sójú títì lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lókèèrè, òmíràn nítòsí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá ti rí ewé tútù lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lórí bíréèkì. Ìjọba kọ́ ló fi òfin gbé àṣà yìí kalẹ̀. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń fi kọ́ra wọn, ọ̀gá ń fi han ọmọ iṣẹ́, títí gbogbo ilẹ̀ wa fi mọ̀ pé ewé lójú pópó túmọ̀ sí: rọra, ewu wà níwájú.

Ewé ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nítorí pé ìdí kan náà ló bí gbogbo ohun tí à ń pè ní ààbò ojú pópó lónìí, ìbáà ṣe ọkọ̀ tó ń tan iná lórí, ìbáà ṣe nọ́ńbà tẹlifóònù tí a ń pè lóru. Ẹni tó rí ewu ní láti kìlọ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i. Ẹni tó bá sì gbọ́ igbe ní láti dìde. Ìtàn bí a ṣe gbé iṣẹ́ méjèèjì yìí kúrò lọ́wọ́ aláàánú tó kàn ń kọjá lọ, tí a fi lé àjọ tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́, ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn náà kan Àkókó ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Òkè tó gbà wá lọ́wọ́ ogun

Ẹni tí kò bá dé Àkókó rí lè rò pé ọ̀nà kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Nígbà tí ogun Tápà ń jà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa sá gùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀tá kó tó dé, òkúta gan-an sì ni odi ìlú. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tí ọ̀nà mọ́tò dé, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n sì na ọjà sí ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Títí dòní, àwọn àdúgbò kan ní Ọ̀kà ṣì wà lórí òkè, ọ̀nà ọ̀dà sì ń gùn lọ bá wọn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ padà wá sí Àkùngbá àti Ìkàrẹ́.

Láti ìhà Kàbà àti Òkènè ní ìpínlẹ̀ Kogí ni tírélà ti ń gbé ẹrù gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀wọ̀, kó tó forí lé Bìní tàbí Àkúrẹ́. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kún fún ẹrù, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì nìkan kò tó o. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á ti fi jíà kékeré sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa di ọkọ̀ náà mú. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tó ń kánjú, á máa tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà títí yóò fi gbóná. Ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀, bí ìgbà tí rọ́bà ń jó, kí ẹ tó rí ọkọ̀ náà rárá. Nígbà tó bá máa fi dé ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọjà àti gáréèjì wà, kò ní sí ohun tó lè dá a dúró mọ́. Òkè tó gba baba ńlá wa lọ́wọ́ ogun ni bíréèkì ń já lórí rẹ̀ báyìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni a sì wá ń gbé.

Ọlọ́pàá àti yẹ́lò fífà

Ọlọ́pàá ni ìjọba kọ́kọ́ fi sójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni àwọn òyìnbó pa ọlọ́pàá ìhà gúúsù àti ti àríwá pọ̀, tí wọ́n sì di Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá Nàìjíríà. Bí mọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i, iléeṣẹ́ náà ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Àwọn ni wọ́n ń yẹ láísẹ́ǹsì wò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sójú títì, tí wọ́n ń wọn ibi tí táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí, kí ilé ẹjọ́ lè mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kíyè sí i: lẹ́yìn tí omi bá ti dànù ni iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí omi má dànù rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tètè gbé ẹni tó fara pa kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àjíǹde, ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, bí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ṣe ń wakọ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ti lo ogún ọdún ní apá òsì: ó sùn lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ibi tó mọ̀ sí ọ̀nà tirẹ̀ ti di ti ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni àwọn adarí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ ọlọ́pàá yọjú sí oríta, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn àti ìbọ̀wọ́ funfun. Yẹ́lò fífà ni gbogbo ìlú sọ wọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn tó mọṣẹ́ lóríta ní ọjọ́ ọjà, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ méjì péré tó fún odindi ìlú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ kan sí tírélà, ó fi ìka ọwọ́ kejì pe ọlọ́kadà wá, ó sì gbójú sára ìyá arúgbó tó gbé apẹ̀rẹ̀ dání, títí tó fi sọdá.

Àwọn míì náà gbìyànjú. Láàárín ọdún 1960 sí 1965, iléeṣẹ́ Shell ń kọ́ awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1972, àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ààbò ojú pópó tiwọn. Ní 1974, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ràn ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jí lówùúrọ̀ tó ń lọ dúró sójú ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ tí ọ̀fọ̀ bí

Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ọ̀nà yẹn ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fásitì Ifẹ̀ ń gbà lọ, tí wọ́n ń gbà bọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn olùkọ́ tó ń sin ọmọ tí wọ́n kọ́. Ní 1965 ló ti tẹ eré onítàn kan jáde tó pè ní The Road, lórí awakọ̀, ikú àti ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ìwé kíkọ nìkan kò tó o mọ́. Ní 1977, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ David Jemibewon dá Ẹgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni aṣáájú rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n kó àwọn èèyàn jọ, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ kò ju kí èèyàn má kú lójú ọ̀nà. Ibi tí ẹgbẹ́ náà dé, eré àsápajúdé dín kù. Àmọ́ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ kan ni. Láti ọdún 1976 ni Àkókó ti wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí náà, ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn á pàdé ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá padà dé òkè ilé rẹ̀, òun àti Elédùmarè ló kù. Ní 1983, ìjọba àpapọ̀ tú ẹgbẹ́ Ọ̀yọ́ náà ká. Láti ọdún yẹn di 1988, kò tún sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọmọ Erúṣù

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba Ibrahim Babangida fi òfin kárùndínláàádọ́ta ọdún náà dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Róòdù Séfútì. Ṣóyínká, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ tó ń darí iṣẹ́ àjọ náà lójoojúmọ́ ni Ọ̀mọ̀wé Olú Agúnlóyè.

Ọmọ Erúṣù-Àkókó ni. Ọmọ ilẹ̀ olókè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi àjọ náà lé lọ́wọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ Ìkàrẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ èyí rí, ó sì dùn mí. A máa ń ka oyè àti ilé gogoro fún àwọn ọmọ wa. Ó yẹ ká máa sọ èyí náà fún wọn: pé ará ilé wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó ẹ̀ṣọ́ jọ, tó sì rán wọn sójú ọ̀nà láti Ṣókótó dé Kàlàbá.

Ohun tó mú àjọ náà yàtọ̀ ni pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń ṣe é. Ó fàyè sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ afínnúfíndọ̀ṣe. Olùkọ́, agbẹjọ́rò, dókítà àti oníṣòwò ni wọ́n, wọn kì í gbowó, àmọ́ wọ́n ń gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń jáde lọ́jọ́ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ náà ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń bá àjọ náà ṣiṣẹ́, pàápàá nínú àwọn oṣù ìparí ọdún tí à ń pè ní ẹ́ńbà-ẹ́ńbà, tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ sílé ọdún. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ wa wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀ka tiwa sì wà ní Ìkàrẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀ṣọ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe bó bá débi jàǹbá. Kò ní kọ́kọ́ sáré lọ bá ẹni tó ń ké. Á gbé ọkọ̀ rẹ̀ dábùú sẹ́yìn, á tan iná rẹ̀, kí ọkọ̀ mìíràn má baà wá gun àwọn tó ń ṣèrànwọ́. Ewé wa àtijọ́ náà nìyẹn, iná ló dà. Lẹ́yìn náà ló máa ka iye èèyàn. Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí; ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọn kì í fa èèyàn lápá yọ gba ojú fèrèsé, àfi bí iná bá ń jó, nítorí ọrùn tó ti sán díẹ̀ lè dá pátápátá níbi tí wọ́n ti ń fà á. Aláàánú tó kánjú lè sọ ẹni tó fara pa di ẹni tó rọ ní ìsàlẹ̀ ara.

Àjọ náà bá àìgbọràn wa náà jà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n ní kí ọlọ́kadà àti ẹni tó gbé sẹ́yìn dé akoto. Ní àwọn ìlú kan, àwọn ọlọ́kadà gbé igbá àti ike ọ̀dà lé orí kí wọ́n má baà mú wọn. Wọ́n rò pé nítorí ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe ń dé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára wa: a máa ń so bẹ́líìtì bí a bá rí ẹ̀ṣọ́ níwájú, a ó sì tú u bí a bá kọjá wọn, bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ ló máa gbá orí mọ́ gíláàsì.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní

Láti nǹkan bí ọdún 2000 tí fásitì ìpínlẹ̀ Oǹdó ti kó láti Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá, tó sì wá di Fásitì Adékúnlé Ajáṣin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń sọdá títì kan náà tí tírélà ń gbà. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì, àwọn tó ń tẹ ìwé, àwọn tó ń ta káàdì fóònù, gbogbo wọn dojú kọ ẹnu ọ̀nà fásitì.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní ọdún 2021, ọjọ́ Sátidé, tírélà kan tó ru sìmẹ́ńtì já kúrò lọ́wọ́ awakọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá, ó sì wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú fásitì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Àkókó ò ní gbàgbé ìrọ̀lẹ́ yẹn. Òbí tó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ pè é lálẹ́, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Mi ò lè kọ ìtàn àjọ yìí kí n fo ọjọ́ náà, nítorí òun ló fi hàn wá ibi tí agbára ẹ̀ṣọ́ mọ. Ẹ̀ṣọ́ lè mú awakọ̀ tó ń sáré. Kò lè fi ọwọ́ gbé òkè kúrò. Iṣẹ́ àwọn tó ń la ọ̀nà ni láti fẹ̀ ẹ́, láti ṣe ibi tí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já lè yà sí kó tó dé àárín èèyàn. Iṣẹ́ onílẹ̀ ni kó má ta ilẹ̀ ẹ̀bá títì fún ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ẹni tó ni tírélà ni kó yẹ bíréèkì wò kó tó di ẹrù. Iṣẹ́ èrò inú ọkọ̀ sì ni kó lanu. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èèyàn mẹ́rìndínlógún á jókòó sínú ọkọ̀ kan, awakọ̀ á máa sáré lórí òkè, gbogbo wọn á sì máa gbàdúrà sínú, kò sí ẹni tó máa sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, dẹ̀rẹ́fà, ẹ rọra."

Ta ni a ó pè?

Apá kejì iṣẹ́ náà ni ti igbe. Kí fóònù alágbèéká tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti 2001, bí ọkọ̀ bá dojú dé lóru lẹ́yìn Ọ̀kà, ẹnì kan ní láti gun ọ̀kadà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìkàrẹ́, kó tó sọ ọ́, kí wọ́n tó wá ọkọ̀, kí wọ́n tó wá bẹntiróòlù. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, iná jó ilé kan ní òpópónà Wimpole ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan ti gbé tẹlifóònù láti pe panápaná, àmọ́ wọ́n fi í sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó ń pè fún ọ̀rọ̀ lásán. Ìbínú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n dá nọ́ńbà 999 sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 1937, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kì í tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀fẹ́ ni. Àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, NCC, ló kọ́ ilé ìgbìpè sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Oǹdó sì wà lára wọn. Ẹni tó bá gbé ìpè náà á fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, panápaná, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí ilé ìwòsàn. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní 122 tirẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní àjọ ìtọ́jú pàjáwìrì tó ń jẹ́ ODEMSA. Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìkàrẹ́ àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sábà ń gbé àwọn tó fara pa lọ.

Ohun tó ń dá wa dúró jù ni bí a ṣe ń pè. Ẹni tí ẹ̀rù bá á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní èdè tó mu lọ́yàn, èdè Àkókó kò sì mọ ní ẹyọ kan: ti Ọ̀kà yàtọ̀ sí ti Ìkàrẹ́, ti Àrìgìdì sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó wà lórí ìlà lè jẹ́ ọmọ ibòmíràn. Ẹni tó ń pè ń sọ pé "ní ìsàlẹ̀ òkè," àmọ́ òkè mélòó ló wà ní Àkókó? Nítorí náà, orúkọ ìlú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ sọ ọ̀nà tó jẹ́: láti ibí sí ibẹ̀. Ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ilé epo tàbí ilé ìwé tó wà nítòsí. Ẹ sọ iye èèyàn tó fara pa, àti bóyá epo ń jò. Ẹ má gé ìpè náà kí wọ́n tó ní kí ẹ gé e.

Ẹ̀rù mìíràn ni ti ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fọwọ́ kan ẹni tó fara pa, nítorí wọ́n gbọ́ pé dókítà á béèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí owó. Òfin ti yanjú ìyẹn. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù tí ì báà jẹ́. Owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà ẹni tó bá rú u. Òfin mìíràn ti ọdún 2017 tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ìbọn bá bà.

Àjọ tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀fọ̀ àwọn olùkọ́ Ifẹ̀, tí ọmọ Erúṣù kọ́kọ́ darí, ti wà láàárín wa láti 1988. Ó ní àléébù rẹ̀, bí gbogbo iṣẹ́ ọmọ èèyàn. Síbẹ̀, lóru tí ọkọ̀ bá dojú dé lórí òkè, kò sí àjọ kan tó lè rìn kó tó gbọ́, kò sì lè gbọ́ àfi bí ẹnì kan bá pè é. Ẹni yẹn lè jẹ́ ìwọ tó ń ka ìwé yìí.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi sínú fóònù àwọn ọmọ yín, kí ọlọ́kadà náà sì kọ ọ́ sára táńkì ọkọ̀ rẹ̀: 112 àti 122. Ẹ má sì gbàgbé láti ṣẹ́ ewé.